Níbo Ni Ọmọrí Rẹ̀ Wà?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni, mi ò sì ní fi bojúbojú sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jẹun lọ́wọ́, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó parí oúnjẹ rẹ̀ ná, ṣùgbọ́n kí ó má pa rédíò.

Bíríkìlà ni mí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbẹ́ kòtò ìgbẹ́, tí mo ń mọ ọ́n, tí mo sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Okaishie, láàárín ìlú Accra, nítòsí ọjà Makola. Ẹni tó bá ti tẹ ibẹ̀ rí mọ̀ pé ọjà oògùn ni. Páálí-páálí ni wọ́n ń tà á, àwọn tó ń ra oògùn lọ sí ìgbèríko a máa dé láti àfẹ̀mọ́jú. Ilẹ̀ wọ́n níbẹ̀, ó wọ́n ju góòlù lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé di ṣọ́ọ̀bù, abẹ́ àtẹ̀gùn di ṣọ́ọ̀bù, ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀ náà di ibi ìkẹ́rùsí. Agbo ilé ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, ènìyàn ń gbé inú wọn, wọ́n ń dáná, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n sì ń yàgbẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ilé ìgbẹ́ ilé yìí kọ̀. Bí wọ́n bá da omi sí i, omi náà a dúró, a gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, a máa dún gùdù-gùdù, kò ní lọ. Lọ́jọ́ kejì, aáyán bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti ojú ihò omi ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, omi dúdú ń sun lábẹ́ ògiri. Wọ́n pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Ọkọ̀ dé, kò lè wọ ọ̀nà tóóró náà, ó dúró sójú títì, wọ́n so hóòsì mọ́ hóòsì títí ó fi dé àgbàlá. Ọmọkùnrin tó mú ẹnu hóòsì lọ́wọ́ wò yíká, ó ní, "Níbo ni ọmọrí rẹ̀ wà?"

Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi ayálégbé tó pẹ́ jù nínú ilé, ó ní òun bá símẹ́ǹtì nílẹ̀ nígbà tí òun dé ni. Wọ́n bi olórí ẹbí tó ń gba owó ilé, òun náà gbọn orí. Ọkọ̀ ká hóòsì rẹ̀, wọ́n sanwó ìrìn àsán fún un, ó lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi.

Kí n tó sọ ohun tí a bá nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò tí a bo mọ́lẹ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n ju ibi tí ìgbẹ́ ń lọ.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni kòtò ìgbẹ́ aláìníyàrá: ihò kan ṣoṣo, búlọ́ọ̀kù tí a tò yíká tí a kò rẹ́, a kò sì da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá wọ ibẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀, omi rẹ̀ nìkan ni yóò máa yọ́ gba ojú búlọ́ọ̀kù wọ inú ilẹ̀. Èkejì ni tánkì oníyàrá méjì, tí a rẹ́ tinú-tẹ̀yìn kí omi má bàa jò, tí omi rẹ̀ ń ti inú rẹ̀ lọ sí sókáwéè, ìyẹn ihò tí ilẹ̀ ti ń mu omi náà. Ẹni tó bá ti ṣe ògì rí yóò yé e kíákíá. Bí ẹ bá sẹ́ ògì tán tí ẹ fi í sílẹ̀, kì í ṣe pé ògì tòrò sísàlẹ̀, tí omikan sì dúró lókè? Bẹ́ẹ̀ náà ni yàrá àkọ́kọ́ inú tánkì. Ohun tó wúwo a rì, a di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ọ̀rá àti ohun fífúyẹ́ a léfòó, a dì bí èépá sí ojú rẹ̀. Omi tó wà láàárín méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kọjá lọ sí yàrá kejì, kí ó tó lọ sí sókáwéè. Páìpù tó ń gbé omi náà jáde kì í gbé e láti ojú, ó ní apá kan tó tẹ̀ sísàlẹ̀ bíi lẹ́tà T, kí èépá tó léfòó má bàa bá omi lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, kòkòrò tí ojú kò rí ló ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í mí afẹ́fẹ́, wọ́n ń jẹ ìgbẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ di omi àti gáàsì. Àwọn ni òṣìṣẹ́ tí ẹ kì í san owó oṣù fún.

Faransé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mouras, ní ìlú Vesoul. Ní nǹkan bí ọdún 1860 ó mọ tánkì kan sábẹ́ ilé, ó sì dé e. Nígbà tí wọ́n ṣí i lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjìlá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹnu ya gbogbo ayé, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1881. Ìtàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n irú ìtàn yẹn ló ń ba ilé jẹ́ lọ́wọ́ wa. Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ, á ní, "Ìgbẹ́ ń jẹ ara rẹ̀, kò sóhun tó kàn mí mọ́." Kì í jẹ tán. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò ṣàì máa ga lọ́dọọdún. Nígbà tó bá ga tó, kò sí àyè mọ́ fún omi láti tòrò, ìgbẹ́ tútù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá omi lọ sínú sókáwéè. Yóò lẹ̀ mọ́ ojú ilẹ̀ níbẹ̀ bí ọ̀dà, ilẹ̀ kò ní mu omi mọ́. Tánkì tó kún ṣeé fà. Sókáwéè tó kú, ẹ gbàgbé rẹ̀, àfi kí ẹ gbẹ́ òmíràn. Ní Okaishie, níbo ni ẹ ti fẹ́ rí àyè gbẹ́ ẹ?

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé Okaishie náà. Mo mú ọ̀pá irin kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀ àgbàlá náà láti igun dé igun. Ilẹ̀ tó le máa ń dún gbì, ibi tó bá ní ihò lábẹ́ a dún bí ìlù. Àmọ́ wọ́n ti da símẹ́ǹtì lé símẹ́ǹtì níbẹ̀, ó tó ìpele mẹ́ta, ohùn kan náà ni gbogbo ilẹ̀ ń fọ̀. Mo tọ ipa páìpù láti ilé ìgbẹ́, ó wọ abẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kan lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi kan ilẹ̀, mi ò rí ọmọrí. Ó wá ku kí a wá ẹni tó mọ ilé náà látijọ́.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ ilé náà, oníṣòwò ni, láyé ìgbà tí Yorùbá kún Accra. Ẹ̀yin àgbà tó ń gbọ́ mi ò ní gbàgbé ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia tó ń ṣàkóso Gánà nígbà náà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó fi Gánà sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wa ló di ẹrù wọn. Ìyàwó bàbá náà kan jẹ́ ọmọ Gã, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò lọ, àwọn ló ni ilé dòní. Àwọn yòókù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì gbé ohun kan lọ tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó jẹ́ ẹrù: wọ́n gbé mímọ̀ tí wọ́n mọ inú ilé náà lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, olórí ẹbí rántí pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun kan ṣì wà láyé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọọmọ rẹ̀ gbé fóònù sí i létí. Mo kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú pé irú ọ̀rọ̀ báyìí la fi dí yín lọ́wọ́. Ihò ilé ìgbẹ́ Okaishie la ń wá. Ṣé ẹ rántí ibi tí ọmọrí rẹ̀ wà?"

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ṣé igi dóńgóyárò yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní wọ́n ti gé e, ó ti pẹ́.

Ó ní, "Ó dára. Ọmọ mi, dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kọ ojú sí ibi tí igi yẹn wà. Ka ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni mo gbé odó mi sí nígbà tí mo dé ilé yẹn ní ìyàwó. Bí mo bá ń gúnyán, odó mi a máa dún bí ìlù dùndún, gbogbo ilé á gbọ́. Bàbá ọkọ mi jáde lọ́jọ́ kan, ó ní, ìwọ ìyàwó yìí, gbé odó rẹ kúrò lórí ọmọrí, ṣé o fẹ́ gún wa wọ inú ìgbẹ́ ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọọmọ rẹ̀ ló sọ fún wa. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti ka ẹsẹ̀ mẹ́jọ náà lọ́kàn, mo sì ti mọ ibi tó máa bọ́ sí. Inú ṣọ́ọ̀bù ni. Abẹ́ páálí oògùn tí wọ́n tò kan àjà ni.

A kó páálí kúrò, a fi dígà la símẹ́ǹtì. Bí a ti ń dé abẹ́ ìpele kẹta, ilẹ̀ dún. Bí Ìyá ti wí gẹ́lẹ́ ló rí. Ọmọrí náà, kọnkéré ni, ó nípọn tó ìbú ọwọ́ lókè, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e ṣe ẹ̀gbẹ́ kan, mo wo abẹ́ rẹ̀, ara mi bù máṣọ. Kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ti jẹ, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó kan, mo fi ìka wa á ó ń bọ́. Irin inú rẹ̀ tó yẹ kó tó ìka ọwọ́ ti di tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Orí ohun tó kù yìí ni ọmọbìnrin tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù náà ń gbé àga rẹ̀ sí lójoojúmọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó jẹ ẹ́. Gáàsì kan wà tó ń ti ara ìgbẹ́ jáde, òun ló ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Bí ó bá gbéra sókè tó kan abẹ́ ọmọrí tó tutù, kòkòrò tó wà níbẹ̀ a sọ ọ́ di ásíìdì. Ásíìdì a jẹ símẹ́ǹtì, a sì jẹ irin. Láti òkè, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo onílé pé kí wọ́n má wo ojú ọmọrí nìkan, kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí i. Bí ẹ bá rí i pé ó ń bọ́, tàbí irin ti yọjú, ẹ má lẹ símẹ́ǹtì mọ́ ọn. Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ da tuntun. Bí ẹ bá sì ń mọ tánkì tuntun, ẹ fi páìpù atẹ́gùn sí i kí gáàsì rí ọ̀nà jáde sókè ju òrùlé lọ, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu rẹ̀, nítorí ẹ̀fọn fẹ́ràn inú ibẹ̀ láti yé ẹyin sí.

Gáàsì tó jẹ kọnkéré yẹn, òun náà ló ń pa ènìyàn. Ẹ dákun, ẹ fetí sí èyí ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, wọ́n ti fa tánkì kan tán, ó gbẹ, ọ̀gá mi sì fẹ́ kí a tún páìpù inú rẹ̀ ṣe. Mo gbé àkàsọ̀ sínú rẹ̀, mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Mo sọ fún ọ̀gá pé òórùn rẹ̀ ti lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí wọ́n fi fa kọ́là ẹ̀wù mi, wọ́n gbé mi ṣubú sílẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Òórùn ò lọ, imú rẹ ló kú." Òótọ́ ni. Bí gáàsì yẹn bá pọ̀, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ á ṣubú láìkígbe. Ẹni tó wà lókè á rò pé ó yọ̀ ni, á sọ̀ kalẹ̀ láti gbé e, òun náà á ṣubú. Ẹni kẹta á tẹ̀lé e. Báyìí ni ilé kan ṣe ń pàdánù ènìyàn méjì mẹ́ta lọ́jọ́ kan, àbúrò ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n, nítorí ìfẹ́. Tánkì tí wọ́n ti fà gbẹ kò yàtọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá rò nísàlẹ̀ rẹ̀ tó láti tú gáàsì jáde. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú tánkì. Iṣẹ́ tó bá di dandan pé kí ènìyàn wọlé, ti àwọn tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ìgbànú okùn, àti ẹni tó dúró lókè tó lè fà wọ́n ni, kì í ṣe ti ọmọ ọ̀dọ̀ tí a fún ní owó díẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ti ṣubú, ẹ má tẹ̀lé e. Ẹ ké sí àwọn panápaná. Mo mọ̀ pé ó le láti dúró lókè kí a máa wo ọmọ ẹni. Mo ń sọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ má tan iná síbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan a máa sọ fìtílà kalẹ̀ láti wò bóyá afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Gáàsì mìíràn wà nínú rẹ̀ tó ń gbiná bí gáàsì ìdáná, ó lè fọ́ ọmọrí sókè mọ́ ẹni tó dúró tì í lójú.

Ọkọ̀ padà wá. Mo dúró tì wọ́n, èyí sì ni mo fẹ́ kí gbogbo onílé máa ṣe. Hóòsì yára fa omi, ó lọ́ra láti fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí ẹ kò bá dúró tì í, àwọn awakọ̀ kan a fa omi kún ọkọ̀, wọ́n a gba owó, wọ́n a lọ, ohun tó dí yín lọ́nà á sì wà nísàlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú omi padà sínú rẹ̀, kí wọ́n rò ó pọ̀, kí wọ́n tó fà á. Ẹ tún bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ní Accra, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi kan wà ní Korle Gonno tí wọ́n ń pè ní Lavender Hill, ẹ̀bá òkun ni. Ọkọ̀ lé ọkọ̀ ló ń tú ìgbẹ́ gbogbo ìlú sínú òkun níbẹ̀, ní tútù bó ṣe wà, lójú àwọn apẹja. Ọdún 2016 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìgbẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gbé ti yín, ibi tó ní ilé ìtọ́jú ni kó gbé e lọ, kì í ṣe gọ́tà, kì í ṣe odò.

Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn kan ṣì ń bínú sí owó ọkọ̀. Ẹ rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Kí kòtò tó wọ́pọ̀, póò ni àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyí ń lò. Agbépóò a wọlé lóru láti ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìnkùlé, á gbé e lé orí. A mọ̀ ọ́n ní Èkó, a mọ̀ ọ́n ní Accra, àwa ọmọdé a máa fi wọ́n kọrin, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ dòní. Ọdún 2008 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Gánà tó dájọ́ pé kí ènìyàn máa gbé ìgbẹ́ ẹlòmíràn lórí lòdì sí iyì ọmọ ènìyàn. Agbẹjọ́rò kan, Nana Adjei Ampofo, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú adájọ́. Ọ̀pọ̀ ilé tó pa póò tì gbẹ́ kòtò sí ibi tí wọ́n bá ráyè, wọ́n sì bò ó. Páìpù ìdọ̀tí ti wà lábẹ́ àárín ìlú Accra láti àwọn ọdún 1970, àmọ́ ilé tó so mọ́ ọn kò pọ̀, nítorí owó àti so ó kì í ṣe kékeré. Bí páìpù bá kọjá nítòsí ilé yín, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú.

Nígbà tí wọ́n fa kòtò ilé Okaishie tán, a rí ohun tó dí ọ̀nà. Gbòǹgbò igi dóńgóyárò ni. Wọ́n gé igi, gbòǹgbò tó ti wọlé láti ojú búlọ́ọ̀kù sì wà níbẹ̀, ó rọ̀ kálẹ̀ bí irùngbọ̀n, gbogbo ohun tí wọ́n dà sínú ilé ìgbẹ́ ló há sí i: aṣọ ìnujú olómi tí wọ́n fi ń nu ọmọ, páàdì obìnrin, irun àdìmọ́rí, ike sọ́ṣẹ́ẹ̀tì. Kò sí kòkòrò tó lè jẹ wọ̀nyí láéláé. Mo sì rí páálí kékeré oògùn, onírúurú, ọjọ́ ti kọjá lórí wọn. Ẹ̀yin ará Okaishie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí níbi yìí, mo sì ń fi ìfẹ́ bá yín wí i. Oògùn tó ń pa kòkòrò kò mọ èyí tó ń bá yín ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń dá àìsàn sílẹ̀. Bí ẹ bá dà á sínú tánkì, yóò pa àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, èyí tí kò bá sì kú yóò kọ́ bí a ti ń gbójú sí oògùn. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Gánà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ba oògùn tó ti kọjá ọjọ́ jẹ́. Ẹ kó o lọ bá wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ísálì. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa gbà pé bí Ísálì kò bá rùn, ilé ìgbẹ́ kò mọ́. Díẹ̀ kò burú. Ìgò kan lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò pa tánkì yín. Káábáìdì tí àwọn kan ń jù sí i kí ìgbẹ́ lè rọlẹ̀ burú jùyẹn lọ. Bí ó bá pàdé omi, gáàsì tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin ni yóò tú jáde. Kẹrosíìnì, iyọ̀, ásíìdì bátìrì, ẹ fi gbogbo wọn sílẹ̀. Èyí tí kò náni lówó ni kí ẹ ṣe: ẹ má da òróró dídín sínú ihò omi, ẹ má jẹ́ kí omi òjò láti orí òrùlé wọ inú tánkì.

Ẹni tó bá ń rò pé kòtò tó ń jò nínú ilé òun kò kan aládùúgbò, kí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1854. Onígbáméjì pa ènìyàn 616. Gbogbo ènìyàn ló mọ orúkọ dókítà John Snow tó ní kí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi àdúgbò náà. Àlùfáà kan, Henry Whitehead, ló wá rí ìdí rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan ṣàìsàn ní ilé tó kángun sí ẹ̀rọ náà, ìyá rẹ̀ fọ aṣọ ìdí rẹ̀, ó da omi rẹ̀ sínú kòtò ìgbẹ́ iwájú ilé. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, bíríkì kòtò náà ti jẹrà, símẹ́ǹtì kò di wọ́n mú mọ́, kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí kànga tí ẹ̀rọ náà ti ń fa omi. Bíríkì tí kò sẹ́ni tó tún un ṣe ni. Ní Gánà níbí, ní ọdún 2014, ó lé ní 28,000 ènìyàn tí onígbáméjì mú, ó lé ní 240 tó kú, Accra ló sì pọ̀ sí jù. Bí ilé yín bá ní kànga, ó kéré tán kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà àádọ́ta sí kòtò, bí ó bá sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó jù ú.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó àkókò láti fa tánkì kí ilé ìgbẹ́ tó kọ̀? Ẹ wá ọ̀pá gígùn, ẹ wé aṣọ funfun mọ́ ọn láti ìdí sókè, kí ẹ so ó le. Ẹ dúró lókè, ẹ tì í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ fà á jáde. Ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dé yóò dúdú lára aṣọ, ibi tí omi dé yóò kàn rin ni. Bí dúdú náà bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn omi, ẹ pe ọkọ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má dúró di oṣù kẹfà. Nígbà òjò omi ilẹ̀ ti ga, kòtò kì í jò mọ́, ọkọ̀ wọ́n, tánkì oníke tí wọ́n bá sì fà gbẹ nígbà náà, omi ilẹ̀ lè tì í hú sókè.

Ti owó ló máa ń fa ìjà nínú agbo ilé. Tòkè ní àwọn kò pọ̀ tó tìsàlẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù ní òun kì í sùn níbẹ̀, ọmọ onílé ní òun kì í sanwó nínú ilé bàbá òun. Títí wọ́n fi ń ṣe àríyànjiyàn, ìgbẹ́ ń ga. Ohun tí a ṣe ní ilé yìí ni pé a dá susu sílẹ̀, bí àwọn ará Accra ṣe ń pe èésú. Yàrá kọ̀ọ̀kan àti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń dá díẹ̀ lóṣooṣù, ọmọbìnrin tó ń tajà lórí ọmọrí ni wọ́n fi ṣe akápò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fún òun. Láti ọjọ́ tó ti rí abẹ́ ọmọrí yẹn, kò sẹ́ni tó lè jẹ owó náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

A da ọmọrí tuntun, irin tó nípọn ni a fi sí i, a sì fi òrùka irin méjì sí ojú rẹ̀ tí a fi lè gbé e. A kò fi símẹ́ǹtì bò ó mọ́. Búlọ́ọ̀kù tí gbòǹgbò là, a gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìta, a sì tún un mọ láti ìta, ẹnikẹ́ni kò wọ inú rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù gbà láti fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìtò páálí sí i.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo pe Ìyá ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti dúpẹ́. Ó gbàdúrà fún mi tán, ó ní, "Ṣé ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀? Èmi ò ní sí láyé nígbà mìíràn tí ẹ bá ń wá a." Mo ní a ti kọ ọ́. Ara ògiri ilé ìdáná ni a kọ ọ́ sí, ọ̀dà pupa ni a fi kọ ọ́, ní Gã àti ní Yorùbá: ẹsẹ̀ mẹ́jọ láti ẹnu ọ̀nà yìí, kọjú sí ibi tí dóńgóyárò wà tẹ́lẹ̀. A kọ ọjọ́ tí a fà á sí abẹ́ rẹ̀, a sì fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.